Káàdì kan, iṣẹ́ kan: bí ẹ ṣe lè fún àwọn òṣìṣẹ́ yín ní káàdì orí fóònù láti fi náwó ilé iṣẹ́

Ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí owó bébà di ohun tí à ń fi àtùpà wá, Mọ́mì tó ni ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣe ìṣirò owó ya àwòrán káàdì ATM rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, ó sì jù ú sínú WhatsApp ilé iṣẹ́. Ó ní: "Ẹ máa fi ra ohun tí ẹ bá nílò, ẹ ṣáà máa sọ fún mi." Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú WhatsApp náà. Ìyẹ̀fun iyán la ń ṣe ní Adó-Èkìtì. Ẹ̀yin ará Èkìtì, ẹ má tíì sọ mí lókò: àwọn ọmọ wa tó wà l'Ékòó àti lókè òkun ló ń rà á, àwa fúnra wa ṣì ń gún tiwa lódó.

Káàdì kan ṣoṣo yẹn la fi ń san owó ìpolówó lórí Facebook, owó wẹ́ẹ̀bùsáìtì, owó ímeèlì ilé iṣẹ́, dátà ọ́fíìsì, àti owó àwọn tó ń bá wa kó ẹrù lọ s'Ékòó. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ẹnì kan tí a kò mọ̀ fi nọ́ńbà káàdì náà ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Báǹkì ti káàdì pa, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn. Àmọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìpolówó dúró, ímeèlì dúró, dátà tán. Àwọn oníbàárà ń pè, wọ́n ń béèrè bóyá a ti kógbá wọlé. Ta ló jẹ́ kí nọ́ńbà náà jáde? A kò mọ̀, a kò sì lè mọ̀ láéláé, nítorí àwa mẹ́sàn-án la ní in lọ́wọ́.

Láti ìgbà náà, káàdì kan ò ṣe iṣẹ́ méjì mọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀nà tí a gbà tò ó ni mo fẹ́ ṣàlàyé, fún ẹ̀yin tí ẹ ní òṣìṣẹ́ mẹ́ta sí ogójì, tí ẹ kò sì ní akáùntáǹtì púpọ̀.

Ohun tí káàdì yìí jẹ́, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Virtual card ni orúkọ tí àwọn báǹkì ń pè é. Káàdì orí fóònù ni mo pè é fún àwọn òṣìṣẹ́ wa, ó sì ti mọ́ wọn lẹ́nu. Gbogbo ohun tí a kọ sára káàdì ATM ló ní: nọ́ńbà gígùn, tó sábà máa ń jẹ́ 16, oṣù àti ọdún tí yóò parí, àti nọ́ńbà mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní CVV. Ara nìkan ni kò ní. Kò sí ike tí ẹ ó kì bọ POS, kò sì lè gba owó lẹ́nu ẹ̀rọ ATM. Ibi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ tẹ nọ́ńbà káàdì lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ti wúlò.

Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé mo ti rí ọ̀gá kan tó dá káàdì orí fóònù mẹ́wàá sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, tó sì fi ọ̀kan fún awakọ̀ rẹ̀ láti fi ra epo. Awakọ̀ dé ilé epo lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́, ó na fóònù sí ọmọ tó ń ta epo, ọmọ náà sì ń wò ó. Epo ọkọ̀, ẹ fi káàdì oníke tàbí tíráńsífà san án. Ìyá tó ń ta iṣu fún wa ní Ìkọ̀lé, tíráńsífà nìkan ló ń gbà, kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbé iṣu kan kúrò nílẹ̀ títí yóò fi gbọ́ álẹ́ẹ̀tì ní etí ara rẹ̀. Àwọn alábàárù Ọjà Ọba, owó lọ́wọ́. Bí ẹ bá yọ gbogbo ìwọ̀nyí kúrò, ohun tó kù fún káàdì orí fóònù lè má tó ìdá mẹ́ta owó tí ẹ ń ná. Ṣùgbọ́n ìdá mẹ́ta yẹn gan-an ni kì í ní ẹ̀rí, òun náà sì ni àwọn gbájúẹ̀ ń wá.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ owó yín

Kí ẹ tó wá káàdì, ẹ gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì ilé iṣẹ́ ti oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ báǹkì, ẹ jókòó tì í pẹ̀lú bírò pupa. Gbogbo ohun tó bá gba orí káàdì jáde, ẹ yí i po. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè nípa ọ̀kọ̀ọ̀kan: ta ló ń lò ó? Ṣé oṣooṣù ni, ọdọọdún ni, àbí ẹ̀ẹ̀kan péré? Ṣé iye kan náà ni nígbà gbogbo, àbí ó ń lọ sókè sódò?

Ohun mọ́kànlá ni tiwa. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò dá mọ̀. Ọ̀kan jẹ́ ohun èlò tí wọ́n fi ń ya àwòrán, tí ẹnì kan fi ìdánwò ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa, tó sì gbàgbé láti jáwọ́. Ọdún kan gbáko ló fi ń jẹ owó wa bí eku inú àká. Bí ẹ bá ka àlàyé yìí dé ibí, tí ẹ sì dúró síbẹ̀ láìgba káàdì kankan, ẹ ti jèrè.

Ìwé tí wọn yóò béèrè

Ẹ ní láti ní ìwé CAC, ìyẹn ìwé tó fi hàn pé ẹ ti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Àwọn kan ń gba ilé iṣẹ́ tó fi orúkọ òwò lásán sílẹ̀, àwọn kan ò gbà àfi kó jẹ́ Limited, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó dáwọ́ lé e. Wọn yóò béèrè TIN ilé iṣẹ́, ìyẹn nọ́ńbà owó orí, BVN àti NIN àwọn tó ni ín, ìwé tí àwọn adarí fi fọwọ́ sí i pé kí a ṣí i, àti ẹ̀rí àdírẹ́sì. Ìwé owó iná BEDC ni ọ̀pọ̀ ń lò fún àdírẹ́sì. Bí mítà yín bá jẹ́ èyí tí à ń ra káàdì sí, tí kò sí ìwé owó iná tó ń wá mọ́, ẹ béèrè bóyá wọn yóò gba ìwé ilé tí ẹ háyà.

Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ obìnrin dúró níbí. BVN Mọ́mì ń jẹ́ orúkọ bàbá rẹ̀, NIN ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ìwé CAC wá kó méjèèjì pọ̀. Lójú ẹ̀rọ, èèyàn mẹ́ta nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi tún un ṣe. Ẹ yẹ tiyín wò lónìí, kó má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ṣí àkáǹtì lẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ta ni kí ẹ gba káàdì lọ́wọ́ rẹ̀?

Báǹkì yín lè ní in. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnáwó orí fóònù náà ní in, áàpù tiwọn sì sábà máa ń rọrùn ju ti báǹkì lọ. N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tó bá wa mu lè má bá yín mu. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni màá sọ.

Àkọ́kọ́: ṣé Báǹkì Àpapọ̀, CBN, fún yín ní ìwé àṣẹ? Orúkọ àwọn tó ní àṣẹ wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì CBN, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún láti wò ó. Èkejì: báǹkì wo ni owó wa ń sùn sí? Láti ọdún 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìdójútòfò owó tó wà ní báǹkì, ń dáàbò bo owó oníbàárà títí dé mílíọ̀nù 5 náírà ní báǹkì ńlá, àti mílíọ̀nù 2 náírà ní báǹkì máíkírófáínáǹsì, bí báǹkì náà bá wó. Ní ilé iṣẹ́ tiwa, ohun tí yóò tó fún oṣù kan péré la ń fi sínú àpò káàdì. Owó iṣu tuntun kì í débẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù: ta ló wà lẹ́yìn yín? Ọ̀pọ̀ áàpù tó ń fúnni ní káàdì kì í ṣe àwọn gan-an ló ń ṣe é. Ní oṣù keje ọdún 2022, oríṣiríṣi káàdì dọ́là orí fóònù tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń lò dákú lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ní Zambia ló wà lẹ́yìn wọn, òun ló sì dá iṣẹ́ dúró nítorí àwọn tó ń rajà tán tí wọ́n tún ń fi ẹ̀tàn gba owó wọn padà. Ẹni tó rò pé òun ní káàdì mẹ́ta ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹyọ kan ló ní.

Lẹ́yìn èyí ni mo ń béèrè bóyá mo lè fi gbèdéke sí káàdì kọ̀ọ̀kan, bóyá mo lè so ó mọ́ ọlọ́jà kan ṣoṣo, fóònù ta ni OTP, ìyẹn nọ́ńbà ìlò-ẹ̀ẹ̀kan tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ ń sanwó, yóò máa wọlé sí, eélòó ni dídá káàdì sílẹ̀ àti bóyá wọ́n ń gba owó ìjìyà bí káàdì bá kọ̀ nítorí owó tí kò tó. Àwọn oníkáàdì dọ́là kan ń gbà á, wọ́n sì ń pa káàdì náà bó bá kọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyẹn lè dun èèyàn ju owó ọjà lọ.

Náírà tàbí dọ́là

Kí ẹ tó sáré gba káàdì dọ́là, ẹ wo bóyá ohun tí ẹ ń rà ní iye owó ní náírà. Facebook àti Google ń gba náírà lọ́wọ́ àwa tó wà ní Nàìjíríà fún ìpolówó. Àwọn tó ń ta orúkọ wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó parí sí .ng ní Nàìjíríà níbí, náírà ni wọ́n ń gbà. Ó kù díẹ̀ tí kò ní ọ̀nà àbáyọ, bí ohun èlò àwòrán tàbí ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé òkè òkun ló ti ń wá.

Káàdì náírà tí à ń lò ní òkè òkun ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan. Ní ọdún 2022 ọ̀pọ̀ báǹkì dín in kù sí 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà wọ́n tì í pátápátá, nígbà tó sì di 2025 àwọn kan tún ṣí i. Nítorí náà ẹ bi báǹkì yín lónìí, ẹ má gbára lé ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Bí owó náà bá jẹ́ dọ́là, ẹ má fi náírà ṣírò gbèdéke rẹ̀ kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ dọ́là, ohun tó jẹ́ 10 dọ́là kò tó 5,000 náírà ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Nígbà tó fi di oṣù kejì 2024, ó ti ń lọ sí 15,000. Iye tí ẹni tó ń tà á ń béèrè kò yí padà rárá, káàdì ló ń kọ̀ lóṣooṣù, àwa sì ń bú íntánẹ́ẹ̀tì.

Dídá káàdì sílẹ̀

Wàyí o, ẹ wọ ojú-ewé alábòójútó, ibi tí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ ti ń rí gbogbo káàdì. Kí ẹni tó ń béèrè fún káàdì má jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i, kí ẹni tó ń náwó má sì jẹ́ ẹni tó ń yẹ ìwé wò. Lọ́dọ̀ wa, òṣìṣẹ́ béèrè, èmi dá a sílẹ̀, Mọ́mì fọwọ́ sí i lórí fóònù tirẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ méjì péré, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kó sì yẹ ìwé wò, kí ìkejì ṣe ìyókù.

Orúkọ káàdì ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Ẹ fi iṣẹ́ ṣáájú, kí orúkọ èèyàn tẹ̀lé e: "Facebook, olùpolówó", "Dátà, ọ́fíìsì", "Ọ̀rá àti bẹ́líìtì, sítọ̀". Bí ẹ bá fi orúkọ èèyàn nìkan pè é, kò ní pẹ́ tí onítọ̀hún yóò fi rò pé tòun ni, tí yóò sì máa fi ra oríṣiríṣi.

Lẹ́yìn náà ni gbèdéke. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Facebook ṣàpẹẹrẹ, nítorí òun ló ń da àwọn èèyàn láàmú jù. Ẹ ti pinnu pé 80,000 náírà ni ẹ fẹ́ fi polówó lóṣù. Bí ẹ bá fi 80,000 ṣe gbèdéke, káàdì yóò kọ̀ kí oṣù tó parí. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, Facebook ń fi owó orí ọjà, VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó ìpolówó ní Nàìjíríà, ì báà ṣe ilé iṣẹ́ ló ń sanwó tàbí ẹnì kan lásán. 80,000 di 86,000. Facebook kì í sì í dúró de ìparí oṣù: bí owó tí ẹ jẹ bá ti dé iye kan, yóò yọ ọ́. Nítorí náà, gbèdéke oṣooṣù ni kí ẹ fi sí i, kì í ṣe ti ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ tún fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀ lókè iye ọjà gan-an. Àwọn ìkànnì kan máa ń kọ́kọ́ yọ owó kékeré láti mọ̀ bóyá káàdì náà wà láàyè, wọn á sì dá a padà lẹ́yìn náà. Bí gbèdéke yín bá ṣe déédéé pẹ̀lú iye ọjà láìsí àlàfo kankan, owó kékeré yẹn ni yóò ba sísan náà jẹ́, ẹ ó sì fi gbogbo ọ̀sán wá ìdí rẹ̀.

Bí áàpù yín bá gbà á, ẹ so káàdì mọ́ ọlọ́jà kan. Káàdì tí a so mọ́ Facebook, bí olè bá tiẹ̀ rí nọ́ńbà rẹ̀, kò lè fi ra fóònù. Fún ohun tí ẹ ó rà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bíi bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìlọṣu tí a rà lọ́dọ̀ ẹnì kan tí a kò bá ṣòwò rí, ẹ dá káàdì ìlò-ẹ̀ẹ̀kan sílẹ̀, tó máa kú lẹ́yìn tó bá san owó náà tán. Ìdánwò ọ̀fẹ́ náà, irú rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe é. Owó ọdọọdún, bíi ti wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹ ti káàdì rẹ̀ pa fún oṣù mọ́kànlá, kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ ó ṣí i sínú kàlẹ́ńdà.

OTP: ibi tí gbogbo ètò ti ń dojú dé

Mo fẹ́ pẹ́ díẹ̀ níbí. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, nọ́ńbà fóònù Mọ́mì la fi sórí gbogbo káàdì, a rò pé ààbò nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́ wa kan ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú láti Àkúrẹ́ lọ sí Àbújá fún ìpàtẹ ọjà. Ó tẹ káàdì, wọ́n ní kó tẹ OTP. OTP ti wọlé sórí fóònù Mọ́mì, Mọ́mì sì wà lórí òkè àdúrà, fóònù wà nínú báàgì, báàgì wà lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ. Nígbà tí a fi rí i, àkókò OTP ti kọjá. A tún un ṣe, wọ́n ní iye tíkẹ́ẹ̀tì ti gòkè.

Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni ohun tí ó ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Bí OTP bá ń wọlé sórí fóònù ọ̀gá, á di pé kí òṣìṣẹ́ máa pè: "Ẹ jọ̀ọ́ Mọ́mì, ẹ ka nọ́ńbà tó wọlé yẹn fún mi." Ọ̀gá á ti mọ́ kíka OTP fún ẹni tó bá pè é lára. Ọjọ́ tí gbájúẹ̀ bá pè, tó dọ́gbọ́n ohùn bí ẹni pé ó wà nínú ariwo Ìjígbò, á kà á fún òun náà.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí OTP wọlé sórí fóònù ẹni tó ni iṣẹ́ náà, kí álẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí owó bá jáde wọlé sórí fóònù ọ̀gá. Gbèdéke ló ń dáàbò bo owó, kì í ṣe OTP lọ́wọ́ ọ̀gá. Kí ẹ wá sọ fún gbogbo wọn, léraléra: bí OTP bá wọlé tí ìwọ kò rajà kankan, ti káàdì náà pa ní kíá, kí o tó pe ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà káàdì pàápàá, ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ nínú WhatsApp. Kí òṣìṣẹ́ wọ áàpù pẹ̀lú ímeèlì àti ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀, kó rí i níbẹ̀. CVV kò sì gbọdọ̀ sí nínú ìwé tàbí Excel kankan. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó káàdì gan-an, ìlànà ààbò káàdì tí wọ́n ń tẹ̀ lé, tí wọ́n ń pè ní PCI DSS, kò jẹ́ kí wọ́n tọ́jú nọ́ńbà mẹ́ta yẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba owó tán.

Bá wọn sọ̀rọ̀ kí o tó fún wọn

Áàpù kò lè ṣe èyí fún yín. A ní bàbá kan tó ń tọ́jú sítọ̀, Bàbá Sítọ̀ la ń pè wọ́n. Tẹ́lẹ̀, owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ọ̀rá àti bẹ́líìtì, tí ilé iṣẹ́ á sì san án padà nígbà tó bá rọrùn. Mo rò pé inú wọn yóò dùn nígbà tí mo gbé káàdì dé: gbèdéke 60,000 lóṣù, a so ó mọ́ ọlọ́jà méjì.

Bàbá wo fóònù, wọ́n wo èmi. "Ọmọ mi, ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà pẹ̀lú Mọ́mì. Ṣé olè ni mo wá di tí ẹ fi fẹ́ fi okùn dè mí?"

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá. Ọ̀rọ̀ yín kọ́. Ẹ wò ó." Mo ṣí káàdì Mọ́mì fúnra rẹ̀ hàn wọ́n. Òun náà ní gbèdéke. Káàdì tèmi náà ní, ó tiẹ̀ kéré sí tiwọn. "Bí ẹnì kan bá jí nọ́ńbà yín, Bàbá, ibi tí a so ó mọ́ yìí ni yóò jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Ó dáa. Ó yá, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tì í pa."

Kì í ṣe pé mo gbọ́n. Ká ní káàdì Mọ́mì kò ní gbèdéke ni, n kì bá ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Bí ọ̀gá kò bá ní fi gbèdéke sí tirẹ̀, kó má tíì fi sí ti ẹlòmíì.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹnu, ẹ kọ ojú-ewé kan, ní èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Yorùbá ni tiwa. Ẹ kọ ohun tí káàdì wà fún, pé rísíìtì gbọ́dọ̀ wọlé lọ́jọ́ kan náà, ẹni tí wọn yóò pè bí fóònù bá sọnù, àti pé ẹni tó bá tètè sọ pé òun ṣàṣìṣe kò ní jìyà. Ẹ má kọ ọ́ pé "a ó gé e nínú owó oṣù rẹ" bẹ́ẹ̀ lásán. Òfin iṣẹ́ ní Nàìjíríà kò gbà kí agbanisíṣẹ́ dá gé owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí àdánù: òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i ní kíkọ ṣáájú.

Rísíìtì àti ìparí oṣù

Ẹ ṣí ímeèlì kan tó jẹ́ ti rísíìtì nìkan. Gbogbo ibi tí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀ fún ohun kan, ímeèlì yẹn ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìwé owó. Ìdajì iṣẹ́ ti tán. Ìyókù, kí òṣìṣẹ́ ya àwòrán rẹ̀ sínú áàpù kó tó kúrò lórí àga. Mo gbìyànjú "ní ọjọ́ Jímọ̀" rí. Ọjọ́ Jímọ̀, gbogbo èèyàn á ti gbàgbé, àwọn kan á ti lọ síbi òkú ní Ọ̀yẹ́. Òfin ilé iṣẹ́, CAMA 2020, ní kí ilé iṣẹ́ tọ́jú ìwé ìṣirò owó fún ọdún 6, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó wà lórí fóònù ẹnì kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù, mo ń gba àkọsílẹ̀ káàdì jáde, mo ń tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rísíìtì. Nítorí pé káàdì kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan, kò tó wákàtí kan. Tẹ́lẹ̀, odidi ọjọ́ méjì ni. Ohun tí mo ń wá ni owó tó jáde lẹ́ẹ̀mejì, iye tó gòkè láìsọ, àti owó tí báǹkì yọ ṣùgbọ́n tí ọlọ́jà ní òun kò rí. Fún ìkẹyìn yìí, láti oṣù kẹfà ọdún 2020 ni CBN ti ní kí báǹkì yanjú ọ̀rọ̀ owó tó há lórí POS tàbí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín wákàtí 72. Ẹ kọ ìwé sí wọn: ọjọ́, aago, iye, nọ́ńbà mẹ́rin ìparí káàdì. Ìpè lórí fóònù kò ní ẹ̀rí.

Bí ẹnì kan bá ń lọ

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ẹ ti káàdì ẹni tó ń lọ pa lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì rò pé ó ti parí. Pípa káàdì kì í pa gbèsè. Bí ìpolówó bá ṣì ń lọ lórí Facebook, ẹ ó jẹ wọ́n lówó, káàdì ì báà kú. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi káàdì tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ibi tí wọ́n ti ń gba owó, tàbí kí ẹ fagi lé ohun náà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Kí ẹ wá yọ nọ́ńbà fóònù àti ímeèlì rẹ̀ kúrò lórí áàpù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa káàdì. Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ nìkan ló wà lórí ojú-ewé Facebook ilé iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni kí ẹ tún ṣe ṣáájú ohun gbogbo, nígbà tí ẹ ṣì jọ ń rẹ́rìn-ín.

Àbúrò wa tó ń polówó ọjà lọ sí Ìbàdàn lọ́dún tó kọjá, ó rí iṣẹ́ tó dáa jù tiwa lọ. Ogójì ìṣẹ́jú ni gbogbo rẹ̀ gbà wá. Ohun kan ṣoṣo tí a gbàgbé ni owó wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tí ìwé rẹ̀ ṣì ń lọ sí ímeèlì tirẹ̀, nítorí pé ó ti forúkọ sílẹ̀ kí a tó ṣí ti rísíìtì. Òun fúnra rẹ̀ ló pè mí ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ o. Wọ́n ní ẹ ò tíì sanwó o, ọ̀la ló máa kú." Káàdì wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà wà nínú áàpù, a ti tì í pa láti oṣù mọ́kànlá sẹ́yìn. Mo ṣí i, mo san án, mo sì tún un tì.